Kettle Tí Kò Ṣeé Tú

Screwdriver kékeré kan kì í kúrò lápò ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kódà nínú sùtánà lọ́jọ́ Sunday. Engineer ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé ní South Thamesmead, nílùú Òyìnbó. "Ohun tó ò bá lè tú, kì í ṣe tìẹ," ni wọ́n máa ń sọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Uncle fi ṣe kettle tó ṣeé tú, tó ṣeé tún ṣe. Àwọn ọ̀gá ibiṣẹ́ yọ àwọn screw rẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n wá ya ewé tútù sára páálí, wọ́n ní kì í ba ayé jẹ́. Uncle ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára rẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ, wọ́n sì yọ Uncle náà níṣẹ́.

Lẹ́yìn ikú Uncle, mo ra ọ̀kan nínú kettle náà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Powis Street. Kò pẹ́ tó fi bàjẹ́. Mo mú screwdriver wọn, mo yí kettle náà síwá sẹ́yìn, n ò ríbi tì í bọ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ Uncle ni, owó mi ni mo fi rà á; kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti Uncle.