Àwòrán Ilẹ̀ Róòmù Tí Mo Fọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsọlọ̀, Sátidé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀ wa. Bí a bá ti mu ògì pẹ̀lú àkàrà tán, ìyá mi á kó aṣọ gbogbo ilé jọ sídìí kànga. Wọ́n gbà pé kò sí ìdọ̀tí tí omi àti ọṣẹ dúdú kò lè ṣẹ́gun, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí eruku ìgbà owó epo yẹn, tí katakata ń la títì lọ́tùn-ún lósì.

Eruku yẹn ló bo àwòrán ilẹ̀ tí tíṣà Látìn wa gbé kọ́ ní kíláàsì l'Óṣòdì. Aṣọ funfun ni bàbá arúgbó náà fi íǹkì yà á sí: Róòmù, Kátéèjì, àti òkun tó wà láàárín wọn. Bí a bá ń ka ìtàn ogun lédè Látìn, wọ́n á fi ọ̀pá tọ ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun gbà. Wọ́n á ní, "Ẹ bá wọn rìn, ọ̀rọ̀ náà á yé yín." Ó sì ń yé wa lóòótọ́.

Mo fẹ́ múnú wọn dùn. Lọ́jọ́ Fráídè kan, mo tọrọ kọ́kọ́rọ́ kíláàsì lọ́wọ́ Kúdírá, ọ̀rẹ́ mi tó ń tọ́jú rẹ̀, mo sì yọ́ gbé aṣọ náà relé. Mo bó o dáadáa. Kí n tó ṣàn án lẹ́ẹ̀kejì, Róòmù ti bá omi lọ.

Ní Mọ́ńdè, mo tètè lọ gbé e kọ́ padà. Nígbà tí tíṣà rí aṣọ òfìfo náà, wọ́n yíjú sí ọ̀rẹ́ mi.

"Kúdírá, ọwọ́ ẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ta ló ṣe èyí?"

Kúdírá wò mí, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo tẹjú mọ́ ìwé mi.

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Ẹgba mẹ́fà ló jẹ, kò dárúkọ mi. Tíṣà ní kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì àwọn mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ Látìn tó o nínú wa. Èmi ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Látìn lópin ọdún. Mo gbà á, mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Láyé ìsinsìnyí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wo gbogbo ayé lórí fóònù, ẹnikẹ́ni kì í sì í nà wọ́n. Kúdírá ṣì ń gbé ní Ṣógúnlé. Tó bá rí mi, á sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ kí Mọ́mì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà ni." Ojú á gbà mí tì. Kò sẹ́ni tó lè na èmi náà mọ́. Mi ò sì tíì bẹ̀ ẹ́ títí dòní.