Omi Tó Wà Lẹ́nu Màmá Asọ̀rọ̀mágbèsì

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Màmá Asọ̀rọ̀mágbèsì, ọjọ́ tó tu omi sí àlejò lójú ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń rántí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òkè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ló gba yàrá sí, ibẹ̀ ló ti ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má ṣẹ́yún. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni, Ọlọ́run ò sì fi sùúrù jíǹkí rẹ̀. Bíi rédíò ló rí: ó ń sọ̀rọ̀, kì í dúró gbọ́ èsì.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ omi yìí. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá ní yunifásítì, ó sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ obìnrin tó lóyún láìròtẹ́lẹ̀, ó bi wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ìgbà tó rí pátákó tí màmá fi ọ̀dà pupa kọ “APÀNÌYÀN, RONÚ!” sí, ó káwọ́ lérí.

“Màmá, ta lẹ fẹ́ kó wọlé síbí?”

“Ẹni tó fẹ́ ṣẹ́yún ni.”

“Ẹ wá ń pè é ní apànìyàn kó tó gun àtẹ̀gùn? Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n rò pé ayé tiwọn ti parí nìyẹn. Bí ẹ bá pariwo, etí wọn á di. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ná.”

“Èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ni!”

Ni màmá bá fi odidi ọ̀sán kan ṣàlàyé bí òun ṣe ń gbọ́ni tó.

Ṣùgbọ́n ó gbé pátákó náà kúrò. Nígbà tó sì mọ̀ pé ahọ́n òun ò ní gbọ́ràn, ó dá ọgbọ́n: bí àlejò bá ti jókòó, á bu omi sẹ́nu, kò sì ní gbé e mì títí onítọ̀hún á fi sọ̀rọ̀ tán.

Ẹni tó kọ́kọ́ ko ètò yìí ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ onídìrí. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Màmá ń mi orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

“Ọ̀gá mi ní kò sáyè aboyún ní ṣọ́ọ̀bù òun. Bóyá òun náà ló jàre.”

“Irọ́ ni!” ni màmá pariwo. Gbogbo omi náà bà á lójú.

Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó wo màmá, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dikùn mú. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

“Màmá, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá mi. Mo fẹ́ ọmọ yìí, àmọ́ iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo ní.”

Màmá ò fi omi sẹ́nu lọ síbẹ̀ o. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá ti gbà kó máa ṣiṣẹ́ lọ, ó tún wá àga tí á máa jókòó lé fún un. Ó ṣáà bẹ màmá pé kó jọ̀ọ́, kó máa lọ sílé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gun àtẹ̀gùn yẹn ló ṣe ohun tí màmá fẹ́. Ó máa ń dùn ún wọra. Síbẹ̀, àwọn míì nínú wọn ṣì máa ń yà kí i, torí pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán.

Lọ́jọ́ ìsìnkú màmá, ọmọbìnrin tí omi bà lójú yẹn, tó ti di ọ̀gá onídìrí báyìí, mú ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà ti gbọ́ ìtàn omi yìí títí ó fi há a sórí. Ó na ọrùn wo òkú màmá, ó wo ẹnu tó dákẹ́.

“Mọ́mì, ṣé omi ló wà lẹ́nu Màmá ni?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn tó wà nítòsí. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “Sọ ohun tó o bá fẹ́ sọ fún Màmá. Wọ́n ń gbọ́.”