Ẹ Má Bínú, Àǹtí

Títí dòní, bí iná bá lọ, mo máa ń retí kí ẹnìkan sọ pé, "Ẹ má bínú, Àǹtí." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé lọ́dọ̀ mi ní Lokogoma ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àfi bíi pé òun ló mú iná lọ. Bí ẹja tí mo fọwọ́ ara mi rà ní Kado bá bàjẹ́, á bẹ̀ mí. Mo bá a wí títí. Ó tún bẹ̀ mí pé òun ń bẹ̀ mí jù.

Iléeṣẹ́ kan tó ń gbé owó kiri fún báńkì fẹ́ gbà á síṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní kó kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń purọ́. Èmi ni mo fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ẹ̀rọ kì í ṣi ènìyàn mú. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn níka àti láyà, wọ́n bi í bóyá ó ti jalè rí. Ó ní rárá. Àyà rẹ̀ já, ẹ̀rọ sì ní irọ́ ló pa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣínì. "Àǹtí, àbí mo ti mú nǹkan yín rí, tí mi ò wá rántí ni?"

Mo ní, "Rárá o." Ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ ronú ná, ó sì rí i lójú mi.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí."