Ohùn Tí Àbúrò Mi Fẹ́ Gbé Lọ Sílùú Òkèèrè

Ẹ súnmọ́ mi, kí ẹ jókòó. Ẹni tó bá rí àga kó fà á, ẹni tí kò bá rí, ẹní wà nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ nù ún o, nítorí èéfín dúdú tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run ní Port Harcourt yìí kì í jẹ́ kí nǹkan mọ́ dọ̀sán. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, bẹ́ẹ̀ ni kò dùn. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni, àti iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ lọ ṣe lókè òkun.

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀, 1999, ló dé bá mi. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé èmi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àti ìyàwó mi sì ti ń gbé Rumuigbo ní ìlú yìí nígbà náà. Àbúrò mi lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Rumuolumeni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì yàn. Nígbà tó jáde, ilé ìwé aládàáni kan ní Rumuomasi gbà á, ibẹ̀ ló wà títí ewú àkọ́kọ́ fi yọ sí i lórí. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ bí omi tó ti tòrò nínú àmù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi Pidgin jí, tí wọ́n ń fi Pidgin sùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí gbólóhùn ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ìwé ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọmọ àná jẹ ọ̀gá lé e lórí. Lọ́jọ́ kan ó wá sí Rumuigbo, ó sọ fún mi pé wọ́n ń wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Tàìláńdì.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku díẹ̀ kí n kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Tí mi ò bá lọ báyìí, inú kíláàsì yìí náà ni wọ́n á ti gbé mi jáde.”

Ibi tó ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni ìwé ìrìnnà. Tí wọ́n bá ti rí i pé ti Nàìjíríà ni, ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í tilẹ̀ ka ìyókù. Ọmọ England, ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ Kánádà ni wọ́n ń wá, wọ́n ní àwọn yẹn ni wọ́n bí èdè náà mọ́. Àwọn díẹ̀ tó gbà láti bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n á gbọ́ díẹ̀, wọ́n á ní ohùn rẹ̀ wúwo.

Ìyàwó mi ní, “Ohùn wo ló wúwo, ọmọ ọkọ mi? Ṣé wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n ni?”

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohùn tuntun. Láràárọ̀, á gbé fóònù sétí, á máa wí tẹ̀ lé àwọn obìnrin Lọ́ńdọ̀n, á gba imú pe àwọn ọ̀rọ̀ kan, á gbé àwọn kan mì. Ó gbé ohùn náà dé ọjà Rumuomasi lọ́jọ́ kan. Obìnrin tó ń ta ẹja tutù wò ó látòkè délẹ̀.

Ó ní, “Aunty, na me and you be this. Who you dey form for?”

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò mi fi ohùn rẹ̀ àtijọ́ ra ẹja, ó sì wá sílé.

Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan tó ń báni wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pè é. Ọmọ Nàìjíríà ni òun náà, ṣùgbọ́n ọ̀hún ló ń gbé. Ó ní ilé ìwé kan ti ṣe tán láti gbà á, wọ́n mọ ibi tó ti wá, kò sì dùn wọ́n. Àwọn òbí ọmọ nìkan ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Ó ní, “Madam, ohun tí a máa sọ fún wọn ni pé Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n bí yín sí. Ohùn Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ̀rọ, ó parí.”

Àbúrò mi wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí sí i?”

Mo bi í pé, “Ṣé wọ́n ní kí o sọ pé o ò lórúkọ ni?”

“Rárá, sà. Wọ́n ní kí n sọ pé mi ò níbi tí mo ti wá.”

Ó tún ní, “Ìgbà díẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti rí iṣẹ́ mi, wọn ò ní bèèrè mọ́.”

Ẹ sì mọ ìṣe wa. Ẹni tó ń re òkèèrè kì í di ẹrù sílẹ̀ fún eku. Kí ìwé àṣẹ ìrìnnà, ìyẹn físà, tó jáde, àbúrò mi ti pín ohun gbogbo tó ní. Fíríìjì lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀dì àti àwọn àga lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Gbogbo wọn gbàdúrà fún un bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde. Ó fi iṣẹ́ Rumuomasi sílẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí yóò bá àwọn òbí sọ.

Pálọ̀ mi ló ti ṣe é, nítorí jẹnẹrétọ̀ mi kì í kú lójijì. Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Èmi jókòó sí kọ̀rọ̀ ibi tí ẹ̀rọ kò ti ní rí mi. Ohùn tí mi ò mọ̀ ló ń jáde lẹ́nu ọmọ tí mo kọ́ ní a, b, d. Ìyá ọmọ kan bi í léèrè bí òtútù Lọ́ńdọ̀n ṣe máa ń rí, ó sì ṣàlàyé òtútù tí kò mú un rí. Inú wọn dùn. Bàbá kan na àtàǹpàkò sókè sí i pé ó dára.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí nìyẹn.

Àbúrò bàbá wa obìnrin ló wọlé, ìyá arúgbó tó tọ́ àwa méjèèjì dàgbà. Ó ń bọ̀ láti ilé wá súre fún ẹni tó ń re àjò. Ọjọ́ kejì la ń retí rẹ̀, àṣé ó ti wọkọ̀ ṣáájú, ó sùn ní Benin, ó sì tètè dé. Ìyàwó mi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ dí àgbà lọ́nà?

Mo rí ojú àbúrò mi. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Ìyá. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Àga rẹ̀ ṣófo níwájú àwọn àjèjì.

“Ẹ káàbọ̀, mà.”

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ìdílé wa kì í. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá ń ki oríkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde kí ẹni tó ń kì í tó panu dé. Ìyá ń ki oríkì náà lọ, kò sì kánjú:

“Ọmọ olókè tí í fi kùrukùru bora,
Ọmọ arìnnà-jìn má sọnù,
Ọmọ adébi-àìmọ̀ sọ ọ́ dilé.
A kì í bi yín ní ‘níbo lẹ ti wá’,
Ìrìn ẹsẹ̀ yín ní í fèsì.”

Nígbà tó kì í tán, Ìyá rí ojú àwọn ènìyàn nínú ẹ̀rọ. Ó rò pé àwọn olóore tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó tẹríba fún wọn.

Ó ní, “Ẹ kú ilé o. Ọmọ wa rèé. Kò mọ ẹnì kankan lọ́dọ̀ yín. Tó bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá a wí, ẹ má ṣe lé e.”

Ìyá ọmọ kan bèèrè èdè tí wọ́n ń sọ. Àbúrò mi dìde, ó padà sórí àga, ó sì fi ohùn tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Rumuomasi dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé, “Ìyá mi ni. Ó ní kí ẹ bá òun tọ́jú mi.” Kò tún padà sí ohùn Lọ́ńdọ̀n. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú wọn wá ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọkùnrin náà pè, ó ní wọ́n ti rí ẹlòmíràn.

Àbúrò mi bi í pé, “Tíṣà ni?”

“Kò tíì kọ́ni rí, Madam. Kánádà ló ti wá.”

A sọ fún Ìyá pé ìwé àṣẹ ìrìnnà kò jáde. Ó ní Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn, ó sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀ pé òun ti súre fún ọmọ òun. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi fẹ́ ráhùn nípa bí Ìyá ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, àbúrò mi dá a dúró.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wa. Ṣé kí n dìde nígbà tí wọ́n ń kì mí ni?”

Obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ pé kó wá gbé fíríìjì rẹ̀. Kò lọ. Ohun tí ènìyàn ti gbàdúrà lé lórí, báwo ni a ṣe ń gbà á padà? Orí ẹní ló ń sùn nínú yàrá kan ní Rumuolumeni. Ilé dé ilé ló ń lọ kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì. Mo bá a nílé ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ náà, á kọ́kọ́ dákẹ́, bí ẹni tí kò mọ èyí tí yóò gbé nínú ohùn méjì. Ọmọ náà ní, “Aunty, you don forget?”

Ìyá kú lẹ́yìn náà, nílé, láì mọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi bọ́. Gbogbo wa lọ sin ín. Nídìí òkú, wọ́n ní kí àbúrò mi bọ́ síwájú kó ki ìdílé, nítorí òun nìkan ni Ìyá kọ́ ní gbogbo oríkì náà. Ó lanu. Ó tún pa á dé, ó ní kí wọ́n pe ẹlòmíràn. Ìyàwó ilé kan tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ló ki oríkì náà, iṣẹ́ yẹn sì di tirẹ̀ láti ọjọ́ náà, ó ń sọ ìwọ̀nba tó mọ̀.

Àwọn aṣọ Ìyá kan àwọn obìnrin ilé. Yàrá rẹ̀ kan ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe kápẹ́ńtà. Wọ́n bi àbúrò mi ohun tó fẹ́, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, wọ́n sì fún un ní àpótí ìjókòó kékeré kan kí ó má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Èmi, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló kàn mí. Koríko ló kún ibẹ̀.