Oṣù Mẹ́jọ Tó Kù Kí N Gbòmìnira Iṣẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo sá kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà tó ku oṣù mẹ́jọ péré kí ọ̀gá mi da pàúdà sí mi lórí, kó sì sọ mí dòmìnira. Ẹ ò bi mí pé kí ló lé mi? Zémí ni! Gbogbo ẹgbẹ́ mi ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ ló ti ń fi alùpùpù gbé èrò, owó ń wọlé fún wọn lójoojúmọ́, èmi ń fi epo mọ́tò fọ irin. Ìyá mi ní, "A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè o." Mo ní àwọn àgbà kò mọ ayé òde òní. Èmi ọlọ́gbọ́n!

Kò pẹ́ tí a fi pọ̀ ju èrò lọ. Bí obìnrin kan bá sọ agbọ̀n kalẹ̀ ní ìkóríta ọjà, bíi mẹ́wàá wa la ó yí i ká, tí a ó máa fa agbọ̀n mọ́ ọn lọ́wọ́, títí yóò fi bínú fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Síbẹ̀, mo wọ bàtà funfun, mo dá lọ tọrọ ọmọbìnrin tí mo fẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Kpúlú. N kò mú àgbà kankan dání, ìyẹn nìkan tó ìwọ̀sí. Bàbá náà ló ni ẹkù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ epo pupa. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"O ń gbé gbogbo ayé lọ síbi iṣẹ́ wọn. Tìrẹ ńkọ́? Lọ parí èyí tí o bẹ̀rẹ̀ kí o tó tún tẹ ilé mi."

Ojú tì mí. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ẹlòmíràn má gbé e lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi mí sábẹ́ àwọn tí mo ti máa ń rán níṣẹ́ tẹ́lẹ̀; mo ń pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ojú mi ti là. Gbogbo mẹkáníìkì ìlú ló dojú kọ alùpùpù. Bí ẹ̀rọ ìtẹpo bá bàjẹ́ lásìkò ẹyìn ní Kpúlú tàbí Oko-Àkàrè, ẹyìn á máa rà nílẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹni pè. Mo bẹ ọ̀gá, tó ti tún irú rẹ̀ ṣe rí, kó kọ́ mi ní tìyẹn. Nígbà tí mo gbòmìnira, owó tí mo ń rí lórí ẹ̀rọ kan ju ti ọ̀sẹ̀ kan lórí zémí lọ. Bàbá ọmọ náà ló kọ́kọ́ pè mí. Mo tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, mo kó àwọn àgbà ilé wa lọ, ó sì fún mi níyàwó.

Ọdún ti gorí ọdún. Níjẹta, mo ń yangàn fún ìyàwó mi pé ọgbọ́n tí mo gbọ́n ló jẹ́ kí n rí i fẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ló kọ̀ o! Èmi ti di ẹrù mi láti ọjọ́ yẹn, mò ń retí kí ẹ wá gbé mi sá lọ ni."

Háà! Ká ní mo mọ̀ nígbà náà ni, n kì bá tí padà sọ́dọ̀ ọ̀gá láéláé, ebi ì bá sì ti fi ojú àwa méjèèjì rí nǹkan. Mo dúpẹ́ pé kò sọ fún mi.