Ilé Tí Zoraida Ń Lọ Lọ́sàn-án

Lọ́sàn-án, bí Zoraida bá ti mu kọfí rẹ̀ tán, tí iná kò sì tíì lọ, ilé ìyá rẹ̀ ló máa ń lọ. Kì í wọ bàtà, kì í mú agbòòrùn. Iwájú kọ̀ǹpútà kan tó wà ní yàrá ìdáná rẹ̀ ni yóò jókòó sí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi òkú kọ̀ǹpútà bíi mélòó kan tò pọ̀. Yóò tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà yóò kùn díẹ̀ bí ológbò tó yó, òpópónà ilé wọn yóò sì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ilé gidi ti wó. Òjò tó tẹ̀lé ikú ìyá rẹ̀ ló wó o. Ní Camagüey, ìlú wọn ní Kúbà, ilé àtijọ́ kì í ṣàdédé wó, á kọ́kọ́ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, títí di ọjọ́ tí kò ní lè nàró mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹnì kan gbìn sórí ilẹ̀ náà báyìí. Èyí tó kù, inú géèmù ló wà. Àwọn ará àdúgbò ti fa wáyà láti òrùlé dé òrùlé, kọ̀ǹpútà ilé kan ń bá ti ilé kejì sọ̀rọ̀, wọ́n sì jọ ń ṣe géèmù kan tí ènìyàn fi ń to bíríkì, tó lè fi kọ́ ohunkóhun tó bá wù ú. Níbòmíràn, ààfin ni wọ́n ń kọ́. Àwọn ará ibí kọ́ àdúgbò tiwọn, bó ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Òpópónà ibẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ bíi ti gidi, débi pé àlejò tó bá wọ̀ ọ́ láti àdúgbò mìíràn á ṣìnà, á sì máa béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó bá rí. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣe é: a kì í wọlé onílé láìkanlẹ̀kùn.

Zoraida fúnra rẹ̀ ló to ilé ìyá rẹ̀, bíríkì kan tẹ̀lé òmíràn, ní àwọn ọ̀sán tó tẹ̀lé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn eyín. Bó bá ti dé ibẹ̀, kì í ṣe nǹkan kan. Àgbàlá ni yóò dúró sí, yóò máa wo oòrùn inú géèmù bó ṣe ń wọ̀, tí ògiri ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn ó lè búra pé òun gbóòórùn ẹ̀wà dúdú tó ń hó lórí ààrò. Bóyá láti ilé aládùúgbò ni, kì í dìde lọ wò. Inú rẹ̀ máa ń dùn níbẹ̀, ó tán.

Bó bá jáde síta, Evelio á ti wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí àga náà ń mì síwá sẹ́yìn. Ilé rẹ̀ ló wà láàárín ti Zoraida àti ilẹ̀ tí ilé ìyá Zoraida wà tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò sì sí ohun tí ẹnu rẹ̀ kì í dé.

"Zoraida, ibo lo ti ń bọ̀?"

"Ilé ìyá mi ni, Bàbá."

"Ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Wọn ò fún mi."

"Ó dáa. Ibi tí wọn ò ti ń fúnni lóúnjẹ, téèyàn ò sì lè sùn, ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ń pe ìyẹn, wọn ò pè é nílé."

Lọ́jọ́ kan, Yosbel wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń bójú tó wáyà àdúgbò, tí kọ̀ǹpútà tó gbé gbogbo ìlú inú géèmù yẹn dání wà nílé rẹ̀. Evelio bi í pé ta ló ni géèmù náà gan-an.

"Gbogbo wa ni, Bàbá. Àwọn tó ṣe é ṣí inú ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá wù lè wò ó, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíì."

"Ti gbogbo wa? Mo mọ nǹkan tó bá jẹ́ ti gbogbo wa dáadáa. Ti gbogbo wa ni ṣọ́ọ̀bù ìjọba tó wà ní oríta yẹn, lọ bá mi ra ẹyin níbẹ̀ bó o bá rí."

Zoraida rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Èyí yàtọ̀," ni Yosbel wí. "Bí mo bá mú tèmi, tiyín ò dín."

"Ohun téèyàn ò tò lórí ìlà fún, báwo ló ṣe máa mọ adùn ẹ̀?" Ṣùgbọ́n Evelio tún rò ó, ó nawọ́ sí fóònù tó wà lọ́wọ́ Zoraida, èyí tí Maylín ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Madrid. "Àmọ́ ó sàn ju ìyẹn lọ. Ìyẹn ò ní ìdè kankan téèyàn lè tú lára. Ó dà bí ẹyin: bó o bá ṣí i, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ téèyàn ò lè tú, àlejò ni nínú ilé ẹni."

Ìgbà tó yá ni Yosbel wá sọ pé òun ń lọ bá ìyàwó òun ní Uruguay. Èyí tó burú jù ni pé díìsìkì tí ìlú wọn wà lórí rẹ̀ ti ń ké. Kò ní àdàkọ rẹ̀ kankan, torí gbogbo díìsìkì tó bá bọ́ sí àdúgbò náà, fíìmù ni wọ́n ń rọ sí i.

"Kò lè ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká dà á sórí tiyín. Bó bá dúró lójú ọ̀nà, ó parí."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e wá, ó so wọ́n pọ̀, ó fi bátìrì ọkọ̀ ti ẹ̀yìn rẹ̀ torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó ní iṣẹ́ náà á pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó lọ bójú tó ìwé ìrìnnà rẹ̀. Zoraida jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn, títí ẹnì kan fi ké ládùúgbò pé adìyẹ ti dé ṣọ́ọ̀bù. Kí ni ènìyàn ó ṣe? Ó sáré lọ, ó béèrè pé "Ta ló kẹ́yìn?", ó sì dúró sẹ́yìn ẹni náà lórí ìlà.

Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n mú iná lọ.

Ní òpópónà yẹn, bí iná bá lọ tí aládùúgbò rẹ kò sí nílé, wàá wọlé rẹ̀ lọ yọ gbogbo nǹkan rẹ̀ kúrò lára iná. Bí iná bá ń padà bọ̀, agbára ló máa ń bá dé, ó sì ti jó fíríìjì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kọ́kọ́rọ́ Zoraida ti wà lọ́wọ́ Evelio látọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí obìnrin náà gbé adìyẹ rẹ̀ dé, bàbá àgbà wà lórí àga rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

"Mo ti bá ọ yọ gbogbo ẹ̀. Fíríìjì, fáànù, àti àpótí tó ń ké ní yàrá ìdáná yẹn. Bátìrì ọkọ̀ wà lára ẹ̀, mo yọ ìyẹn náà, kó má lọ jóná."

Yosbel ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Díìsìkì náà ta kàn-ìn lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó dun Zoraida wọnú eegun. Ó dùn ún ju ìgbà tí ilé gidi wó lọ, torí nígbà náà, ó ṣì mọ ibi tí òun á ti tún un kọ́.

"Ṣebí oore ni mo ṣe," ni Evelio wí. Igúnnugún ṣoore ó pá lórí, àkàlà ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Zoraida kò bú u. Ó kàn na ọwọ́ sí i.

"Kọ́kọ́rọ́ mi, Bàbá."

Ní àdúgbò wọn, èébú sàn ju kéèyàn gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà lọ. Bàbá àgbà fún un, ó sì wọlé rẹ̀ lọ.

Kí Yosbel tó lọ, ó gbé géèmù náà sórí kọ̀ǹpútà Zoraida lákọ̀tun, ó sì so wáyà gbogbo ilé mọ́ ọn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju koríko lọ, koríko títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti kanlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé wọn padà. Wọ́n fi àyè ilé ìyá Zoraida sílẹ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó gbé bíríkì kan síbẹ̀. Lọ́sàn-án, ó máa ń lọ dúró sórí koríko náà, kò ní lè gbé bíríkì àkọ́kọ́ kalẹ̀. Oòrùn á wọ̀, òun náà á sì pa ẹ̀rọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn Zoraida tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Evelio ni. Ó ti fá irùngbọ̀n.

"Kọ́ mi," ó ní.

Zoraida rò ó pé kí òun lé e. Ó rò ó gan-an. Lẹ́yìn náà, ó fa àga kejì wá.

Bàbá àgbà di máòsì kọ̀ǹpútà mú bí ẹni di ọ̀pọ̀lọ́ mú. Ó kọlu igi, ó jábọ́ sódò, ó ní ta ló gbẹ́ odò síbẹ̀ láìfi àmì sí i. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, ó rìn tààrà lọ sórí ilẹ̀ òfìfo náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bíríkì. Ó ń tò, Zoraida ń wò ó. Ògiri iwájú dé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n níbi tó kọjú sí ilé Evelio, ó fi àyè sílẹ̀.

"Kí nìyẹn, Bàbá?"

"Fèrèsé."

"Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Ògiri ni. Ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn."

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mò ń wí. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Ó ń wo iwájú ẹ̀rọ, kò wo ojú rẹ̀. "Ibẹ̀ ni Amparo ti máa ń na kọfí sí mi láàárọ̀, bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣúgà ẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Mi ò sọ fún un rí."

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ ìyá rẹ̀ létí rẹ̀. Zoraida wo àyè náà, ó wá rí ọmọbìnrin kan tí kò pàdé rí, tó na apá jáde, tí kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni.

"Ta ló dí i?"

"Bàbá rẹ. Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó." Kò bínú sọ ọ́. Ó mú bíríkì kan, ó gbé e dé etí àyè náà, ó dúró. "Ṣé kí n dí i, bó o ṣe mọ̀ ọ́n?"

Zoraida gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí máòsì.

"Ẹ má dí i," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí."