Ẹ̀wù Ọ̀rá tí Wàhábì Rán

Láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí àwọn sójà àfowórà fi bàálù balẹ̀ sí Kútọnu, tí wọ́n yìnbọn títí, kí wọ́n tó sá padà, Wàhábì, aránṣọ àdúgbò Gbégamey, kò ronú ohun mìíràn mọ́ ju ẹ̀wù tí ọta kò ní wọ̀ lọ. Ó ra àjákù àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn apẹja Fidjrossè, ó tú okùn ọ̀rá inú wọn, ó hun ún típẹ́típẹ́, ó sì rán an ní ìpele lórí ìpele títí ẹ̀wù náà fi ń dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún igi àgbọn kan létí òkun, ọdẹ kan yìnbọn lù ú. Ọta há sínú ẹ̀wù. Ohunkóhun kò ṣe igi àgbọn.

Ìwé ìjọba ló kù, èyí tí yóò sọ pé òun ló kọ́kọ́ rò ó, kí ẹlòmíràn má baà rán irú rẹ̀ tà. Ràfíátù ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ ti yí ìrìn padà lọ́jà.

Àmọ́ òfin sọ pé ohun tí aránṣọ yòówù lè tètè rò, ẹnìkan kì í gba ìwé lé e lórí. Òfin yìí ni Adéògún, aránṣọ Jonquet, gbá mú lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fúnni níwèé náà.

“Ehuzu,” ni alága fi kí wọn, bí ìjọba Ìyípadà ti pàṣẹ.

“Dandan,” ni àwọn méjèèjì dáhùn, nítorí ẹni tí kò bá dáhùn kì í pẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń dáhùn.

“Kámáráàdì alága,” Adéògún ní, “ọdẹ ilé wa wo ni kò ní ẹ̀wù ayẹta, tí ọta ń yẹ̀ lára ẹni tó bá wọ̀ ọ́? Ẹ̀gbọ́n Wàhábì kàn yọ oògùn kúrò, wọ́n fi ọ̀rá dípò rẹ̀. Ta ni kò lè rò ó? Èmi gan-an ti rò ó. N kò kàn sọ ọ́ síta ni.”

“Àbúrò, ṣòkòtò ni mo mọ̀ ọ́ mọ́,” Wàhábì ní. “Èyí tó o rán fún mi ò dá atẹ́gùn dúró.”

Alága kò rẹ́rìn-ín. Ìyípadà ti gbógun ti oògùn àti àjẹ́, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé wọ́n ń kó àwọn onígbàgbọ́ oògùn lọ ro oko. Ó rọra bèèrè: “Kámáráàdì Adéògún, ayẹta yẹn, ṣé lóòótọ́ ló ń ṣiṣẹ́?”

Òógùn bo Adéògún. “Irọ́ ni, Kámáráàdì. Àwọn ọdẹ àtijọ́ ń tan ara wọn jẹ ni.”

“Tó bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé Wàhábì kò wo ara ẹnikẹ́ni ṣe tirẹ̀.” Alága fa òǹtẹ̀ mọ́ra.

Ká ní Wàhábì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni, etí rẹ̀ kò lè gba kí aránṣọ Jonquet pe bàbá òun ní òpùrọ́.

“Ẹ dákun, Kámáráàdì,” ó ní, “ayẹta bàbá mi ṣiṣẹ́. Ojú mi ló ṣe. Ara rẹ̀ ni mo ti kọ́ tèmi.”

Alága gbé òǹtẹ̀ náà sílẹ̀.

Adéògún bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹ̀wù ọ̀rá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wàhábì ń ro oko ẹ̀gẹ́ ìjọba nígbà tí Ràfíátù gbé oúnjẹ wá bá a.

“Bàbá Mùílíù, ẹ ò bá jẹ́ kó jẹ́ irọ́.”

“Bàbá mi ni, Ràfíátù. Ọta ò ràn wọ́n títí wọ́n fi kú.”

“Kí ló wá pa wọ́n?”

“Ibà,” ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́ rẹ̀.